Àpótí Iná Tí Mo Fẹ́ Rà àti Waya Tí Ẹnì Kankan Kò So

Ohùn yẹn kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Bí mo bá tan sípíkà méjèèjì orí tábìlì mi, kí n tó ṣí orin kankan, òun ni màá kọ́kọ́ gbọ́: hùùùù, bí oyin tí wọ́n dé mọ́nú ìkòkò. Orin á bẹ̀rẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀. Olórin á dánu dúró láti mí, á tún yọjú. Mo bá a gbé bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, àfi lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan wá kọrin. Nígbà tó parí, ó bọ́ hẹ́dífóònù kó lè gbọ́ ohun tó kọ lórí sípíkà, ló bá yíjú wo ẹ̀yìn.

"Ṣé fíríìjì rẹ ló ń dún yẹn?"

"Fíríìjì kọ́. Iná ni. Iná ilé yìí ló dọ̀tí."

Níbo ni mo ti gbọ́ pé iná máa ń dọ̀tí? Nínú ìpolówó ọjà ni. Mo ti kà á títí ó fi wọ̀ mí lára pé kò sí sítúdíò inú ilé tó lè yanjú láìní power conditioner. Àpótí irin dúdú pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ ní íǹṣì 19 kó lè bá àwọn ẹ̀rọ sítúdíò yòókù jókòó pọ̀, iná kékeré wà níwájú rẹ̀, ojú sókẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ wà lẹ́yìn. Wọ́n ní ó máa ń fọ iná kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ẹni. Owó rẹ̀ tó owó máìkì gidi kan, máìkì sì ni mo ti ń tọ́jú owó yẹn pa mọ́ fún tẹ́lẹ̀.

Ìwà ahun ló gbà mí. Mo ní kí n tó náwó, kí n kọ́kọ́ yá ọ̀kan wò. Ẹ̀gbọ́n mi kan nídìí iṣẹ́ yìí ní ọ̀kan. Bó ṣe ń gbé e fún mi, ó ní, "Gbé e lọ, ṣùgbọ́n má retí nǹkan ńlá o." Mo rò pé àwàdà ni. Mo délé, mo so gbogbo nǹkan mọ́ ọn, iná rẹ̀ tàn wẹ́ẹ́, mo tan sípíkà.

Hùùùù. Kò fi irun kan dín.

Mo ní bóyá etí mi ni. Mo bá gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 pẹ̀lú àpótí náà, mo yọ ọ́, mo tún gba 30 mìíràn láìsí i. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Méjèèjì wà ní nǹkan bíi −78 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìdajì dB kan. Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni nǹkan mìíràn ti kọ lù mí: oyin yẹn kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì! Mo fi hẹ́dífóònù gbọ́ wọn, wọ́n mọ́ lóló. Gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo fi ń ráhùn, ariwo yẹn kò wọnú iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sípíkà nìkan ló ń gbé e jáde.

Mo pe ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, àpótí yín kò ṣe nǹkan kan."

"Yọ kébù tó wọ ẹ̀yìn sípíkà. Má pa sípíkà o, kébù nìkan ni kí o yọ."

Mo yọ ọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé o rí i? Kì í ṣe sípíkà, kì í ṣe iná. Ara ògiri wo lo ti fa iná kọ̀ǹpútà? Ti sípíkà ńkọ́?"

Ògiri apá ọ̀tún ni mo ti fa ti kọ̀ǹpútà. Ti sípíkà, mo fi extension gígùn fà á wá láti apá òsì nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé fún mi nìyí, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. Kọ̀ǹpútà mi ní waya ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Sípíkà náà ní tirẹ̀. Láti inú kọ̀ǹpútà, kébù USB wọ audio interface, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde. Láti ara interface, kébù jáàkì lásán, onírin méjì, wọ sípíkà. Irin tí wọ́n fi bo ara kébù yẹn náà so mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ẹ̀tì ti di òrùka ńlá kan: ó gba ògiri ọ̀tún, ó gba kọ̀ǹpútà kọjá, ó gba kébù ohùn, ó gba sípíkà padà sí ògiri òsì. Ilẹ̀ ọ̀tún àti ilẹ̀ òsì kì í sì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn ń ṣàn gba inú kébù tó ń gbé orin mi, ó sì ń ṣàn ní iye ìgbà tí iná fi ń lọ tó fi ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (50 Hz) níbi tí èmi wà, 60 Hz níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní etí orin, 50 Hz sún mọ́ nóòtì G ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura, nítorí orin tí mo bá kọ ní G nìkan ni mi ò ti ń gbọ́ ọ.

Kí ni power conditioner ì bá ṣe sí ìyẹn? Ẹnu ọ̀nà ni ó jókòó sí, ilé ni olè náà wà.

Mo so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ extension kan ṣoṣo, láti ara sókẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ariwo náà lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti na etí sí sípíkà kí n tó gbọ́ ọ. Mo ti bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ pé sókẹ́ẹ̀tì kan kò ní lè gbé gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n, kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀, interface àti sípíkà méjèèjì kò ju 250 wáàtì lọ. Lórí 230 V, ìyẹn kò tó 2 A. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ń jẹ ju gbogbo sítúdíò mi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo pààrọ̀ kébù sí onírin mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní balanced. Irin méjì nínú rẹ̀ ń gbé ohùn kan náà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan dojú kọ òkè nígbà tí èkejì dojú kọ ìsàlẹ̀. Sípíkà á yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì: ohùn tó yàtọ̀ lára àwọn méjèèjì ni yóò kù, ariwo tí wọ́n jọ kó lọ́nà yóò pa ara rẹ̀ rẹ́. Kébù méjì. Oyin kú. Àpótí ẹ̀gbọ́n padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń wá owó tí màá fi pa lápálápá.

Ti gìtá mi yàtọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn. Òun ní tirẹ̀ ń kùn wọnú ohun tí mo ń gbà sílẹ̀. Mo jókòó sórí àga tó ń yí, mo ń yí díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí gìtá kọjú sí ojú kọ̀ǹpútà, ariwo ga. Nígbà tí mo kọjú sí ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó bá ń yí padà bí ẹ bá yí ara yín padà, afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé, kì í ṣe waya iná. Waya tí wọ́n wé mọ́ òòfà nínú gìtá irú tèmi ń gbọ́ agbára òòfà tí àwọn ẹ̀rọ iná tó wà nítòsí ń tú jáde. Bọ́tìnnì tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kù ló burú jù nínú gbogbo wọn, ó máa ń dún zzzz. Nísinsìnyí mo máa ń pa á, màá sì jókòó kọjú sí ògiri. Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó lè pa mí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo kó ẹ̀rọ mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ jù. Sókẹ́ẹ̀tì kan, extension kan, kébù gidi, gbogbo ohun tí mo ti kọ́ ni mo lò. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń ta gìtá, mo sì ń kọrin. Ọwọ́ mi wà lórí okùn gìtá. Mo sún mọ́ máìkì, ètè mi kan àwọ̀n irin iwájú rẹ̀. Ó ta mí ṣíí! Kò le tó kí n ṣubú, bí ẹni pé èèrà ta mí létè ni. Mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Mo tún fi ètè kàn án. Ṣíí.

Mo gbé mítà. Láàárín ara irin kọ̀ǹpútà àti páìpù omi tó kọjá létí ògiri, mo rí 112 V. Lórí iná 230 V, bí ìdajì nìyẹn, ìdajì yẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti orí fóònù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, kápásítọ̀ kékeré méjì wà lẹ́nu ọ̀nà iná. Ọ̀kan so mọ́ waya tó gbóná, ọ̀kan so mọ́ èyí tó tutù, ìdí àwọn méjèèjì sì pàdé lára irin ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ wọn ni láti da ariwo iná sínú ilẹ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì bá wà, ó ń lọ wọ̀ọ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ara irin á máa léfòó ní agbedeméjì, á máa wá ẹni tí yóò gba ara rẹ̀ kọjá. Ètè mi ló rí.

Mo pe bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná. Mo ní, "Bàbá, sókẹ́ẹ̀tì yìí ní ihò mẹ́ta, ẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ihò lo rí, ọmọ mi. O ò tíì rí waya."

Wọ́n pa iná láti ìdí rẹ̀, wọ́n dán an wò pé ó ti kú lóòótọ́, wọ́n tú ìdérí sókẹ́ẹ̀tì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Waya pupa wà níbi tó yẹ. Waya dúdú wà níbi tó yẹ. Ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò, ni wọ́n ká bí ìgbín sí ẹ̀yìn àpótí inú ògiri. Ẹni tó ṣe é fi téèpù dúdú wé orí rẹ̀ dáadáa, bí ẹni di ọmọ. Ẹni yẹn mọ ohun tó ń ṣe, kò kàn fẹ́ parí iṣẹ́ ni. Bàbá tú téèpù, wọ́n bó orí waya, wọ́n dè é mọ́ ibi tó yẹ kó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Wọ́n tún lọ wo òpó irin tí ẹ́ẹ̀tì ilé wọlẹ̀ sí, wọ́n ní ìyẹn ṣì dára. Nígbà tí iná padà, mo fi mítà wọn ara kọ̀ǹpútà. Òdo. Ariwo wínníwínní kan tí mo ti gbà pé ti yàrá yẹn ni bá a lọ.

Ẹ ronú pé power conditioner ni mo rà sí sókẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó irú kápásítọ̀ kan náà sínú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìṣíí tí máìkì ń ta mí ì bá pọ̀ sí i. Apá pàtàkì nínú iṣẹ́ èyí tó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná àpọ̀jù sì ni láti da iná yẹn sínú ẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ẹ̀tì wo?

Ó sì ní ẹnìkan tó ti gbà mí nímọ̀ràn, nígbà ọ̀rọ̀ oyin ìjelòó, pé kí n gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì lára púlọ́ọ̀gì sípíkà, pé ariwo á lọ. Òtítọ́ ni, á lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí waya gbígbóná bá já sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, okùn gìtá ẹni ni iná máa gbà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ já òrùka ẹ́ẹ̀tì, inú kébù ohùn ni kí ẹ ti já a, pẹ̀lú DI box (àpótí kékeré tí ohùn ń gbà kọjá) tó ní bọ́tìnnì tó ń já ẹ́ẹ̀tì, tàbí tiransifọ́mà ohùn. Ẹ má fọwọ́ kan ti iná.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má náwó sórí iná o. Èmi náà ti náwó. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé iṣẹ́ mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan: gbígba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó bá ya wọlé lójijì, sísẹ́ ariwo kúrò, mímú fóltéèjì dúró sójú kan, àti dídi ẹ̀rọ mú nígbà tí iná bá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí pẹlẹbẹ yẹn, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí fóltéèjì rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tó wá ra irú rẹ̀, yóò jókòó lọ́sàn-án kan kó máa wo iná kékeré iwájú rẹ̀ bó ṣe ń tàn nígbà tí ẹ̀rọ ń kú.

Ti fóltéèjì, mo wọn tèmi fún ọ̀sẹ̀ kan: ìdájí, ọ̀sán, alẹ́ nígbà tí gbogbo ayé bá tan nǹkan. Ó kéré jù ní 209 V, ó ga jù ní 236. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọ 100–240 V síbẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe nígbà tí iná bá wọlé ni kó fọ́ ọ túútúú, kó tún un mọ sí DC tó fẹ́, ìyẹn iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo. 209 tàbí 236, bákan náà ni lójú rẹ̀. Nítorí náà mi ò ra stẹ́bíláísà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń já sí 170 tó tún ń fò sókè sí 260, ó yẹ kó rà á, pàápàá bó bá ní ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní tiransifọ́mà wúwo nínú. Irú wọn, bí iná bá ti rẹ̀ jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kùn ní 100 Hz. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé stẹ́bíláísà jìnnà sí máìkì, nítorí èyí tó bá ní relay, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń tẹ ara rẹ̀, máa ń dún kà! kà! bí iná bá ti ń yí, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ìyẹn kúrò láàárín orin.

Ohun tí mo rà, mo rà á pẹ̀lú omijé. Mo ti gba ohùn obìnrin kan sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ti lọ. Mo tẹ bọ́tìnnì pé kí kọ̀ǹpútà fi iṣẹ́ pa mọ́, iná sì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an. Nígbà tó dé, fáìlì wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò ṣí. Mo pè é padà, mo bẹ̀ ẹ́, ó wá, ó tún un kọ. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Mi ò sọ fún un.

UPS ni mo lọ rà, àpótí bátìrì tó ń di ẹ̀rọ mú nígbà tí iná bá lọ. Wọ́n kọ 650 VA sí i lára, mo sì rò pé 650 wáàtì ni. Mo dé ilé kí n tó rí 390 W tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ sẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ àti dísíìkì tí iṣẹ́ mi wà lórí rẹ̀ nìkan ni mo so mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fẹ́, ó fún mi. Ẹ mọ̀ pé irú UPS olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ kì í sábà fọ iná tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí iná bá wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn ń jẹ́ kó kọjá ni. Nígbà tó bá sì wà lórí bátìrì, iná tó ń mú jáde máa ń gun àtẹ̀gùn, kì í yí roboto bíi ti ògiri. Mo dán preamp àtijọ́ mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè, wò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tiransifọ́mà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bú bí ajá. Mo yọ ọ́ kíá. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká ti ní UPS nínú itan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó rántí dísíìkì tó so mọ́ ọn nìkan.

Extension tó wà lẹ́yìn tábìlì mi náà ti di èyí tó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná àpọ̀jù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gba ìyà, nítorí náà èyí tó bá ní iná tó ń fi hàn pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni mo máa ń rà, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí òjò bá ṣú tí àrá bẹ̀rẹ̀, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo máa ń yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, màá sì yọ kébù íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, nítorí àrá kì í yan waya.

Ẹ̀gbọ́n ṣì ní àpótí tirẹ̀. Mo béèrè ìdí tó fi ń lò ó. Ó ní ojú sókẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, bọ́tìnnì kan ṣoṣo níwájú, òun kò ní máa tẹ̀ ba wá nǹkan lábẹ́ tábìlì mọ́. Ìdí gidi ni, mo gbà fún un.

Ní alẹ́ àná, UPS mi ń ké píìpíì láìjẹ́ pé iná lọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin, bátìrì rẹ̀ ló ti gbó. Mo ti tú u, mo ti ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 12 V, 7 Ah. Títí màá fi rí òmíràn, gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ni mò ń tẹ bọ́tìnnì kí iṣẹ́ lè wọ ìpamọ́.